Ìtàn Bí Ojú-Ìwé Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Di Ìwé PDF

Bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá kọ ìtàn, ogun Kírìjì tàbí ọba tí ó tẹ ìlú dó ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà sí èyí. Ṣùgbọ́n ìtàn kò mọ sí ogun àti ọba. Ohun èlò tí a ń lò lójoojúmọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ohun èlò náà bá dójú tì í, kò ní mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí nìyí. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ́lá. A to orúkọ wọn sí ojú-ìwé kan irú èyí tí ó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi àwọ̀ àti ìlà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà sì pé. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ń sọ irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ di PDF. A fi lé e lọ́wọ́, a sì gbé ohun tí ó fún wa lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ àpèjẹ, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọ̀ṣun" gba ìwé tirẹ̀, ó sì bá "???un" níbẹ̀. Bàbá kan tí ó jókòó tì í wò ó títí, ó ní, "Ìbéèrè mẹ́ta yìí, ta ni kí ó wá dáhùn wọn?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ àmì ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ó sì gbé mi rìn jìnnà.

Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé mi dé. Ní ibi ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Xerox dá sílẹ̀ ní Palo Alto, ọkùnrin méjì kan wà níbẹ̀, John Warnock àti Charles Geschke. Wọ́n bá àwọn ẹlòmíràn ṣe èdè kan tí kọ̀ǹpútà lè fi ṣe àpèjúwe ojú-ìwé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Interpress ni orúkọ rẹ̀. Xerox kò gbé e jáde fún aráyé bí àwọn méjèèjì ti fẹ́. Ni wọ́n bá kó ẹrù wọn, wọ́n lọ dá ilé-iṣẹ́ Adobe sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1982. Èdè mìíràn tí wọ́n ṣe níbẹ̀, PostScript, jáde ní 1984. Nígbà tí ó di 1985, Apple ti fi í sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter. Síbẹ̀ ìṣòro kan kù. Ìwé tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kọ kì í rí bákan náà bí ó bá dé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ní 1991 Warnock kọ ìwé kúkurú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pe iṣẹ́ náà ní Camelot. Láti inú rẹ̀ ni PDF ti wá sáyé ní 1993. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú PDF ní ibi tí a kàn án mọ́, bí ìgbà tí a bá gbẹ́ ère: ibi tí imú ère wà lánàá, ibẹ̀ náà ni yóò wà lọ́la, ìlú yòówù tí a ìbáà gbé e lọ.

Ní àkókò kan náà, ní CERN, ibi tí àwọn onímọ̀ físíìsì láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí lẹ́bàá ìlú Geneva, ìṣòro yìí kan náà ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò, ọ̀kan kò sì gbọ́ èdè èkejì. Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìmọ̀ràn tirẹ̀ ní 1989, nígbà tí ó sì fi máa di 1991 ojú-ìwé HTML ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òun ti tú ìdè náà. Kò kan ohunkóhun mọ́bìkan. HTML kàn ń sọ pé, èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni ọ̀nà tí a lè gbà dé ìwé mìíràn. Bí yóò ti rí lójú, kí kọ̀ǹpútà ẹni tí ń kà á mójú tó o. Bí omi ni: igbá tí a bá bù ú sí ni ó ń fún un ní ìrísí.

Ìṣòro kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì, èsì wọn ni ó lòdì síra. Ọ̀kan ní kí ìwé má yí padà níbikíbi, èkejì ní kí ìwé máa yí padà bí ibi tí ó bá dé ti rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ HTML di PDF, omi ni ó fẹ́ gbẹ́ ère. N kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó ń tẹ bọ́tìnnì tí a kọ "PDF" sí lára mọ irú iṣẹ́ tí ó ń bẹ ẹ̀rọ.

Omi náà kò pẹ́ wọ aṣọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Håkon Wium Lie, ọmọ Norway tí òun náà wà ní CERN, dá a lábàá pé kí á ya ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Bert Bos dara pọ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ wọn ni a mọ̀ sí CSS, a sì fi àṣẹ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ó ní orí kan tí ó ń sọ nípa ojú pépà: bí etí rẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, ibi tí ó yẹ kí á ti gé e àti ibi tí kò yẹ. Àwọn buráúsà kò fi bẹ́ẹ̀ ka orí yìí sí fún ìgbà pípẹ́, nítorí ojú-ìwé orí kọ̀ǹpútà kò ní ìsàlẹ̀. À ń fà á lọ ni títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Pépà A4 ní ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n PDF wọ̀n ọ́n, tí ìwọ̀n 72 jẹ́ ínṣì kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ 595, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 842. Ètò tí ó ń ṣe ìyípadà náà gbọ́dọ̀ wọn ìbú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó dá ìlà, kí ó ka ìlà, kí ó sì mọ ibi tí pépà yóò ti kún. Bí àkọlé bá nìkan kù sí ìsàlẹ̀ pépà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí òdì kejì, ìtìjú ni fún un. Bí tábìlì bá gùn ju pépà kan lọ, ó yẹ kí orí tábìlì tún fara hàn lókè pépà kejì.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń kọ ètò gbà. Àwọn kan da iná tiwọn. Ní Melbourne ní ilẹ̀ Austrálíà, ilé-iṣẹ́ YesLogic gbé Prince jáde ní 2003, tí ó ń ka HTML àti CSS fúnra rẹ̀ tí ó sì ń kọ PDF. Ní 2005, ìwé tí Lie àti Bos kọ lórí CSS tún jáde ní ẹ̀dà kẹta, Prince ni wọ́n sì fi tò ó láti inú HTML. Àwọn tí ó dá CSS sílẹ̀ ni wọ́n fi ìwé ara wọn ṣe ẹ̀rí pé ó tó ìwé tẹ̀. Ní 2011 Simon Sapin bẹ̀rẹ̀ WeasyPrint ní ilé-iṣẹ́ Kozea ní ilẹ̀ Faransé, fún àwọn tí ń fi èdè Python kọ ètò, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn kejì yá ìkòkò aládùúgbò. Wọ́n ní, nígbà tí buráúsà ti mọ bí a ti ń wọṣọ fún HTML, kí ni a tún fẹ́ máa da ara wa láàmú sí? Ní 2008 Jakob Truelsen gbé wkhtmltopdf jáde, tí ó yá WebKit láti inú Qt. Ó gbayì gan-an. Ilé-iṣẹ́ tí ó fi ń ṣe rìsíìtì kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ohun àyálò ni ohun àyálò. Àwọn tí ó ni Qt pa WebKit tì, ẹ̀dà tí wkhtmltopdf gbé lọ́wọ́ sì ń gbó lọ nígbà tí aṣọ tuntun ń jáde fún CSS. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà. PhantomJS tí Ariya Hidayat gbé jáde ní 2011 náà dáwọ́ dúró ní 2018, nítorí pé ní 2017 Chrome fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ojú, Puppeteer sì jáde ní ọdún náà láti máa darí rẹ̀. Fún rìsíìtì, n kò rí ohun tí ó burú nínú ìkòkò àyálò. Fún ìwé tí ó ní orí àti àkíyèsí ìsàlẹ̀, àwọn tí ó da iná tiwọn ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Láti ayé àtijọ́ PDF, fọ́ǹtì 14 ni a yàn pé gbogbo ohun tí ń ka PDF gbọ́dọ̀ ní: Times, Helvetica àti Courier, mẹ́rin mẹ́rin, pẹ̀lú méjì tí ó jẹ́ kìkì àmì. Ẹni tí ó bá lo wọ́n kò ní láti di fọ́ǹtì mọ́ ìwé rẹ̀, ìwé náà yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àtòjọ lẹ́tà tí a sábà fi ń bá wọn lò kò ní ju àyè 256 lọ, àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a sì to àyè náà fún. Àwọn èdè ibẹ̀ kan ní á àti è àti ò, nítorí náà àwọn wọ̀nyẹn ráyè. Kò sẹ́ni tí ó rántí ẹ, ọ, ṣ àti ń. Bí a bá kọ "òjò", yóò dé orí pépà láìfara pa, bí a bá kọ "ọjọ́", "?j??" ni yóò dé. Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, a sì ṣe àpérò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá ní Èkó ní 1875. Láyé ìgbà náà, bí òjé lẹ́tà kò bá ní àmì lábẹ́, ọlọgbọ́n yòówù kí atẹ̀wé jẹ́, kò lè tẹ àmì.

Unicode ti 1993 ní ẹ, ọ àti ṣ. Fún èdè Vietnam ni ẹ àti ọ ṣe ráyè níbẹ̀, ṣ sì bá àwọn tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ Sanskrit wọlé. Àwa bá wọn jẹ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní àyè tirẹ̀: ẹ ni a ó kọ, kí á tó gbé àmì lé e lórí. Nítorí náà Ọ, àmì orí rẹ̀ àti ṣ jẹ́ ohun mẹ́ta, òun ni "Ọ̀ṣun" fi ní àmì ìbéèrè mẹ́ta. Níní lẹ́tà nínú fọ́ǹtì tún yàtọ̀ sí mímọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. HarfBuzz, tí Behdad Esfahbod, ọmọ ilẹ̀ Iran, ṣiṣẹ́ ribiribi lé lórí, ni ó ń bá Chrome àti WeasyPrint mú àmì jókòó sórí lẹ́tà.

N kò ní dárúkọ ètò tí ẹgbẹ́ wa lò, nítorí ẹ̀bi tiwa ni: fọ́ǹtì tí ó gba Yorùbá wà, a kò pè é. A wá fọ́ǹtì tí ó ní àmì, a dì í mọ́ ìwé náà, a sì tún un tẹ̀. Kí a tó gbé e jáde, mo wá "Ọ̀ṣun" nínú PDF tuntun náà, kọ̀ǹpútà sì rí i. Mo sọ èyí nítorí àwọn ìwé Yorùbá kan wà láti àwọn ọdún 1990, tí a fi fọ́ǹtì tí wọ́n ti pààrọ̀ lẹ́tà inú rẹ̀ tẹ̀. Wọ́n dára lójú títí di òní, ṣùgbọ́n bí o bá da ọ̀rọ̀ kan kọ láti inú wọn, àmì owó tàbí àmì tí kò ní orúkọ ni yóò jáde. Àwọn tí ó wà ní ilé-ìkàwé wa yóò ní láti tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin náà gba ìwé ẹ̀rí kejì. Ó ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúpẹ́, kò sì dá ti àkọ́kọ́ padà fún wa.