Láti Inú Ìkòkò Owó Ẹyọ dé Inú Àpótí Irin Àlòkù: Ìtọ́jú Owó ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìfáárà
Bí owó tí àwùjọ kan ń ná bá yí padà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú rẹ̀ kò ní ṣàì yí padà. Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìgbà owó ẹyọ títí dé ìgbà àpótí irin àlòkù tí a mọ̀ sí sééfù.

Ìwúwo gẹ́gẹ́ bí ààbò
Kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892, ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà òwò tí ó ti Èkó wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá wà. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ, tó odidi ẹrù fún alárùú kan. Inú ìyẹ̀wù tàbí inú ìkòkò ni wọ́n ń kó o sí. Àwọn mìíràn a sì rì í mọ́lẹ̀. Ìwúwo owó náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ààbò, nítorí olè kan ṣoṣo kò lè gbé ọrọ̀ púpọ̀ sá lọ.

Nígbà tí owó ṣílè gbalẹ̀, ẹrù ọ̀pọ̀ alárùú di ohun tí ènìyàn lè kì bọ àpò. Báǹkì kan, Bank of British West Africa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1894, ṣùgbọ́n owó tí oníṣòwò yóò fi ra ọjà lówùúrọ̀ ọ̀la kò lè ṣàì sùn sílé. Irin àti àgádágodo ni ó wá gba ipò ìwúwo.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn àgádágodo
Ní ọdún 1818, Jeremiah Chubb ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àgádágodo kan tí ó máa ń há bí ẹnikẹ́ni bá fi ohun tí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dán an wò, kí olówó lè mọ̀ pé olè ti fọwọ́ kàn án. Òkìkí rẹ̀ kàn gan-an. Ní ọdún 1851, nígbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Alfred Hobbs, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣí i níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Orúkọ ńlá nìkan kò tó fi yan àpótí.

Yíyan àpótí àlòkù
Irin kì í tètè gbó. Kọ́kọ́rọ́ ni ó ní ìtàn. Ẹnikẹ́ni tí ó ti lo àpótí náà rí lè ti gbẹ́ òmíràn pamọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí oníṣòwò Òkè-Àje tí ó fẹ́ rà á béèrè iye kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a wá. Kí ó wo ara ilẹ̀kùn bóyá wẹ́dà ti dí ojú ihò kan. Kí ó yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kí ó má baà há mọ́ owó lórí. Bí ó bá rà á tán, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ inú àgádágodo náà, tàbí kí ó yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Kí ó sì fi bóòtì dè é mọ́ ilẹ̀ oníkankéré.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nígbà owó ẹyọ, ìwúwo ni ó pa ògiri lẹ́nu dé. Lónìí, mímọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.