Àdìrẹ Bátànì: Gígé Lẹ́tà sí Ojú Páànù

Àdìrẹ bátànì jẹ́ ẹ̀yà kan lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bátànì ni páànù pẹlẹbẹ tí a gé ihò ọnà sí, kí ẹ̀kọ lè gba inú ihò náà dé ara aṣọ. Abẹ́òkúta ni a ti mọ iṣẹ́ yìí jù lọ. Obìnrin ló sábà ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà ẹlẹ́kọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló sábà ń gé bátànì.

Láfún tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ náà. A ó tẹ́ bátànì lé ojú aṣọ funfun, a ó fi irin pẹlẹbẹ fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Aró èlú tútù ni a ń rẹ ẹ́ sí, nítorí náà ẹ̀kọ kì í tètè yọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Lẹ́tà tí a bá gé ní ihò yóò wá hàn ní funfun lórí aṣọ aláró.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tí ó ní ojú, bí A, B, D, O, P àti R. Bí a bá gé O yípo, àárín rẹ̀ yóò jábọ́, òbìrípo funfun ni yóò sì kù. Agbẹ́nà a máa fi tín-ín-rín páànù sílẹ̀ bí afárá láti di àárín náà mú. Afárá yìí ni ó ń fi ìlà aró gé lẹ́tà náà lórí aṣọ.

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ àkọtọ́. Ihò ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, wọn a sì máa kéré. Bí ẹ̀kọ gbígbẹ bá dí wọn, ẸGBẸ́ tí a fẹ́ kọ sára aṣọ ẹgbẹ́ yóò di EGBE, ẹni tí ó bá kà á sì lè pè é ní ègbé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa fọ bátànì kí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ọn.

Ìkẹta, bátànì tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ yóò kọ lẹ́tà sódì. A, H, M, O àti T kò ní fi àṣìṣe náà hàn, nítorí ọ̀kan náà ni ọ̀tún àti òsì wọn. B, E àti R ni yóò tú u fó. Ó dára kí a sàmì sí ojú bátànì.

Ní ti àdàkọ, àpẹẹrẹ kan ni àdìrẹ ọlọ́ba, ọnà tí ó jáde láti inú àjọyọ̀ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè, ní 1935. Bí bátànì irú ọnà bẹ́ẹ̀ bá gbó, a lè gé òmíràn láti ara rẹ̀. Bí adàkọ kò bá dá afárá mọ̀ yàtọ̀ sí ara lẹ́tà, àṣìṣe yóò máa gorí àṣìṣe títí ọ̀rọ̀ náà kò fi ní ṣeé kà mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe àdàkọ aṣọ àtijọ́ fún ìpamọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àkọtọ́ ara aṣọ náà, kí ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí ń ṣe aṣọ tuntun ni kí ó lo àkọtọ́ òde òní.