Àṣírí Mẹ̀kúnnù: Ìtàn Ẹnà Inú Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹnà ni kókó ọ̀rọ̀ mi, ẹnà kò sì ṣàjèjì sí wa.

Bí ọmọdé bá sọ "owó dà?" di "ogowógó dàgà?", sílébù ni ó ń fi kún sílébù. Ẹni tí ó mọ òfin rẹ̀ yóò tú u lójú ẹsẹ̀. Ti àlejò ni pé kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun méjì ni ó ń mú ẹnà wúlò: kí ọ̀tá má lè tú u, kí ọ̀rẹ́ sì lè tú u kíákíá. Ẹnà tí ó bá falẹ̀ jù, àwọn tí ó ni ín ni yóò kọ́kọ́ pa á tì.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ìtàn fóònù. Ní ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí AES, ẹnà kọ̀ǹpútà tí Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe. Ẹnà náà lágbára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ó yá, a ṣe àkànṣe ètò fún un sínú ọpọlọ fóònù olówó gọbọi; ọpọlọ olówó pọ́ọ́kú bíi Cortex-A7 kò ní in. Nítorí náà, nígbà tí Android pa á láṣẹ ní ọdún 2015 pé kí a máa fi ẹnà pa ohun inú fóònù tuntun mọ́, ó yọ àwọn tí AES falẹ̀ jù lórí wọn sílẹ̀. Ta ni ó ń ra irú fóònù bẹ́ẹ̀? Ìyá tí ó ń ta epo pupa ní Òkìtìpupa ni, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn tí olè lè tètè bà jẹ́ ni a kò fún ní ìlẹ̀kùn.

Ní ọdún 2018, Paul Crowley àti Eric Biggers, òṣìṣẹ́ Google, gbé Adiantum jáde. Wọn kò ní kí mẹ̀kúnnù lọ ra fóònù mìíràn. Ẹnà tí ó bá fóònù rẹ̀ mu ni wọ́n wá. ChaCha, iṣẹ́ Daniel Bernstein, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, kìkì ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbogbo sì ń yára ṣe ni ó ń lò: àròpọ̀, ìyípo àti XOR. Nínú báìtì 4096, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń pe AES, fún báìtì 16. Ẹnà tiwa a máa mú ọ̀rọ̀ gùn. Èyí kò fi báìtì kan kún un, nítorí kò sí àyè tí a lè fi í sí. Lórí Cortex-A7, ó yára tó ìlọ́po márùn-ún AES.

Ní ọdún 2019, Adiantum wọ inú kernel Linux 5.0. Kernel ni alárinà láàrin irin kọ̀ǹpútà àti gbogbo iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe. Orí ti Linux ni Android sì dúró lé. Lọ́dún kan náà, Android 10 fòfin dé ìyọsílẹ̀ náà fún fóònù tuntun gbogbo.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìyára kì í ṣe fàájì lásán: òun ni ó pinnu ẹni tí àṣírí rẹ̀ yóò bò. Ṣùgbọ́n fóònù àlòkù tí ó ti pẹ́ lè má ní ẹnà yìí. Èyí tí ó sì ní in, bí a kò bá fi nọ́ńbà àṣírí tì í, a ti ilẹ̀kùn, a fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́.