Àwòrán Ìhòhò: Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì dé Orí Fóònù

Àwọn kan ń sọ pé ìtìjú kò jẹ́ kí Yorùbá sọ̀rọ̀ abẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. A kò gbà. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà ń kọ orin abẹ́ ní títì n'Ìbàdàn, wọn kì í sì í bínú síra wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni lọ́dún, gbogbo ìlú ló sì jọ ń gbọ́ ọ.

Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó fẹ́ wo bùlúù fíìmù ní láti wá ilé tó ní fídíò, kó sì dúró dìgbà tí àgbà jáde. Ní 1993, ìjọba dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀. A ṣáà lè gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Fóònù GSM dé ní 2001, íńtánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú fóònù lẹ́yìn náà. Lónìí, ọmọ Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì lè wo ohun tí wọ́n yà l'Amẹ́ríkà lábẹ́ aṣọ ìbora. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015 de àwòrán ìṣekúṣe tó ní ọmọdé nínú. Ó dára. Èyí tó ń dun àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ni àwòrán tí ọmọbìnrin fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tí ìyẹn wá ń pín kiri lẹ́yìn ìjà. Ọmọbìnrin náà ni wọ́n máa ń bú! Ẹni tó ti fi fíìmù wọ̀nyí kọ́ra pé ara obìnrin kò nílò ìyọ̀ǹda kò ní rí aburú níbẹ̀. Òfin kan náà ka fífi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ni láti gbowó sí ẹ̀ṣẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀?