Ẹran Màlúù àti Ilẹ̀ Etíkun Araromi

Ní Araromi, ní etíkun Ìlàjẹ, ẹja àti edé ni ẹran ọbẹ̀ láti ayébáyé. Àbàtà, omi iyọ̀ àti eṣinṣin tsetse tí ń kó àrùn ran ẹran ọ̀sìn kò fi àyè gba agbo màlúù ńlá. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Kánò ní ọdún 1912, ó túbọ̀ rọrùn láti kó màlúù Òkè Ọya wá sí àwọn ìlú gúúsù. Ojú irin náà kò dé Ìlàjẹ.

Síbẹ̀, ìpalára òwò yìí dé ibẹ̀. Màlúù a máa gùfẹ̀ méténì, gáàsì tí ń mú ayé gbóná. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò FAO ti ọdún 2013, ẹran ọ̀sìn ni ó fa ìdá 14.5 nínú 100 irú gáàsì bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ènìyàn ń dá sílẹ̀. Ti màlúù ni ó pọ̀ jù. Òkun ń ga sí i, ilẹ̀ Ìlàjẹ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Apẹja wá ń san gbèsè ẹran tí ẹlòmíràn jẹ.

Kì í ṣe màlúù nìkan ni ó jẹ̀bi, nítorí ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ti jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ Awoye, ní etíkun kan náà. Òfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ọdún 2021, tí ó ka dída màlúù káàkiri léèwọ̀, lè gba oko lọ́wọ́ màlúù. Kò lè gba Araromi lọ́wọ́ òkun.