Ọwọ́ Òsì Nìkan Kò Tọ́ Ọmọ: Ìtàn Ilé Ìwé Àwọn Ọmọkùnrin Tí Apá Ò Ká Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lórí WhatsApp wa: kí la fẹ́ ṣe sí àwọn ọmọkùnrin tí ilé ìwé ti lé, tí apá òbí ò sì ká mọ́? Àwọn kan á ní ká kó wọn lọ sí bárékè kí ojú wọn lè rí màbo. Àwọn tó wà ní London á ní àwọn máa dá ọmọ padà sílé kí bàbá àgbà fi pàṣán tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ilẹ̀ òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó kàn wá.

Ní 1933, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Òfin yẹn ló dá ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní "approved school" sílẹ̀, ìyẹn bọ́dìn tí adájọ́ máa ń rán ọmọ tó jalè tàbí tó ya ìpátá lọ. Ìlà títò, iṣẹ́ ọwọ́, ìwé díẹ̀, àti pàṣán. Ní 1943, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàkóso wa, àwọn òyìnbó gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wá sí Nàìjíríà.

Àmọ́ nílé tiwọn, àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè bóyá pàṣán ń ṣiṣẹ́. Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó àwọn ọmọdé kúrò ní ìlú ńlá lọ sí ìgbèríko kí bọ́ǹbù má bàa pa wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí kò sí onílé tó fẹ́ gbà wọ́n: wọ́n ń tọ̀ sórí ibùsùn, wọ́n ń jalè, wọ́n ń ba nǹkan jẹ́. Ní 1940, David Wills, ẹlẹ́sìn Quaker kan, kó irú wọn jọ sí Barns House, nítòsí Peebles ní Scotland. Ó ní òun ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yìí ti jẹ ìyà yó, ìyà ò sì tún wọn ṣe. Tọmọdé tàgbà ló ń jókòó ṣèpàdé lórí bí ilé ṣe máa rí. Rúgúdù ló kọ́kọ́ jẹ́ o! Ṣùgbọ́n Wills ò yẹsẹ̀, ó sì fi ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe ìwé ní 1945.

Èyí tó lágbára jù wáyé ní 1967. Approved school kan wà ní Wiltshire, tó ń jẹ́ Cotswold, àwọn ọmọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi Richard Balbernie ṣe olórí. Ohun tó bá níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí àwa tá a lọ bọ́dìn mọ̀: lójú tíṣà, gbogbo nǹkan ń lọ létòlétò, lẹ́yìn tíṣà, àwọn ọmọ tó le jù ló ń jọba lórí àwọn kéékèèké. Balbernie pín ibẹ̀ sí ilé kéékèèké, tí ọmọ bíi mẹ́wàá ń gbé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń tọ́jú wọn. Ilé ìwé wà nínú ọgbà kan náà, oko sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ wá di Cotswold Community. Wills yìí kan náà ló kọ ìtàn bí ó ṣe yí padà, ó sì pe ìwé náà ní *Spare the Child* ní 1971. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí Sólómọ́nì sọ nípa ọ̀pá àti ọmọ, ẹ ti mọ ẹni tó ń dá lóhùn.

Barbara Dockar-Drysdale ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, obìnrin tó dá ilé ìwé Mulberry Bush sílẹ̀ ní Oxfordshire ní 1948. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ọkàn wọn ti dì bí omi yìnyín, torí pé láti kékeré ni ìtọ́jú ti já wọn kulẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe ẹlòmíì léṣe kó má tiẹ̀ dùn ún. Kí ni oògùn rẹ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ó lè jẹ́ oúnjẹ kékeré kan tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yàn. Àgbà kan náà ló máa gbé e fún un, ní àkókò kan náà, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ọmọ tí gbogbo èèyàn ti já kulẹ̀ á wá rí ẹnì kan tí kì í já a kulẹ̀. Ìgbà yẹn ni omi yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ìwé kíkà ńkọ́? Wọn ò pa á tì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ò lè jókòó ti ABD. Ẹni tó bá ṣì ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n má gbá a, báwo ló ṣe fẹ́ ráyè ìṣirò? Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ṣáájú, ìwé tẹ̀ lé e.

N ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ náà le. Ó ń tán àgbà lókun, owó gidi ló sì ń ná. Cotswold Community náà ti kógbá sílé. Àmọ́ òfin 1969 ti fòpin sí approved school nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1982 sì fòpin sí borstal. Ní Nàìjíríà, borstal ṣì wà títí di òní, ní Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti Kaduna. Ẹni tó gbé aṣọ fún wa ti bọ́ tirẹ̀ tipẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó ni gbígbé pẹ̀lú ẹni tá a fẹ́ wò sàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò. Àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn ń gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, ìbátan wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Àgbàlagbà ni ti Arò, ọmọdé ni ti Cotswold, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: àárín èèyàn ni èèyàn ti ń yá.

N ò sọ pé ká máa kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Àwọn bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òsì yá wa lára púpọ̀, ọ̀tún ńkọ́? Bí ọmọ kan bá wà ládùúgbò yín tí ilé ìwé ti lé, kí àgbà kan ṣoṣo mú un bíi tirẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, àwo oúnjẹ kan, wákàtí kan. Kó má sì yẹ̀ ẹ́, kódà lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà bá bú u. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń bá a tọ́ ọ. Ìlú wa ju igba èèyàn lọ.