Kọ́mà méjì péré

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n Festac wa níbí ni màá ti mú un.

2/ Nígbà tí wọ́n kọ́ àdúgbò yìí fáwọn àlejò FESTAC '77, nọ́ńbà ni wọ́n fún àwọn títì, lẹ́tà ni wọ́n fún àwọn close. Tí mo bá ní "512 Road, F Close", dispatch rider ti mọ̀ pé 5th Avenue lòun ń lọ. Àmì kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tó ń jẹ́.

3/ Bí printf ṣe rí nìyẹn nínú èdè C. Ó ti wà nínú Unix láti 1973. %d ń sọ pé: fi nọ́ńbà síbí. %13d ní: jẹ́ kó gba àyè 13, tí kò bá tó, fi àlàfo kún un. Ẹ wá fi àmì ' sí i, á fi kọ́mà pín nọ́ńbà náà bá a ṣe ń kọ owó.

4/ Lóṣù kejì 2023, glibc 2.37 jáde. Ọ̀pọ̀ sáfà Linux ló gbára lé glibc. Wọ́n ti tún inú printf kọ kó lè dáa sí i. Ibẹ̀ ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́.

5/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 1,234,567: díjíìtì 7, kọ́mà 2, ó di 9. Kó tó pé 13, àlàfo 4 ló kù. Printf tuntun ò ka kọ́mà. 7 ló kà, ló bá fi àlàfo 6 síwájú. 6 + 9 = 15. Ẹni tó kọ ètò náà pèsè àyè tó yẹ gan-an, síbẹ̀ báìtì 2 ṣàn kọjá ààlà.

6/ Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Dátà míì lè wà lẹ́yìn ààlà yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á mọ́ àléébù ààbò: CVE-2023-25139.

7/ Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ka kọ́mà mọ́ ọn kó o tó fi àlàfo kún un. 2.38 jáde lọ́dún yẹn kan náà pẹ̀lú àtúnṣe ọ̀hún.

8/ Èmi ò rí ọ̀lẹ kankan nínú ìtàn yìí. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe tó fi ṣẹlẹ̀. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù ní Amuwo, tẹ́ ẹ bá tún nǹkan ṣe, ẹ tún ti àtijọ́ dán wò. Ẹ má fi 5 nìkan dán an wò. Ẹ fi iye owó tá à ń ná lọ́jà dán an wò, tòun ti kọ́mà ẹ̀.